Andrew Mynarski, Oníbọn Ọkọ̀ Òfuurufú, àti Ẹlẹ́rìí Rẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ìtàn Ogun Hitler tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá, láti ẹnu àwọn tí ó ti ogun bọ̀ ni ó ti wọlé, Bọ́mà ni púpọ̀ nínú wọn sì ti jà. Òjò, ẹrẹ̀, igbó dídí, ẹrù orí, àti àwọn ọmọ ogun Jàpáàn tí ó lúgọ sẹ́yìn igi ni ìtàn náà kún fún. Ogun tí a jà lóru lójú sánmà ilẹ̀ Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìtàn wọ̀nyí wọlé, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ wa tí ó dé ibẹ̀, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó jà á kò padà wá ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Nínú nǹkan bí 125,000 ènìyàn tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù lábẹ́ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọdún 1939 sí 1945, 55,573 ni ó kú. Bí a bá ka ènìyàn mẹ́wàá nínú wọn, ó lé ní mẹ́rin tí kò rí òpin ogun.

Ìṣòro kan wà nínú irú ogun bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀. Ogun orí ilẹ̀ a máa ní ẹlẹ́rìí púpọ̀: ọ̀tún rí ohun tí òsì ṣe, ọ̀tá pàápàá sì lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn méje ni ó wà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù kan, nínú òkùnkùn, olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀ láàrin irin. Bí ọkọ̀ náà bá sì já lulẹ̀, ẹlẹ́rìí bá a lọ. Àwọn baba wa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Níbi tí ẹni tí ó fojú rí i ti kú, ìròyìn gan-an kò sí. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ikú Andrew Mynarski ì bá jẹ́, ikú kan láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí kò bá ṣe pé ẹni tí ó gbìyànjú láti gbà là, tí kò sì lè gbà là, kò kú.

A bí Andrew Charles Mynarski ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1916 ní ìlú Winnipeg, ní ẹkùn Manitoba ti ilẹ̀ Kánádà. Ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì ni àwọn òbí rẹ̀. Ìhà àríwá ìlú Winnipeg ni ó gbé dàgbà, níbi tí àwọn tí ó ti ìlà-oòrùn Yúróòpù ṣí wá wá iṣẹ́ ti tẹ̀dó sí, tí èdè bíi mélòó kan sì ń dún pọ̀ lójú pópó kan náà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó wá di dandan kí ó wá iṣẹ́ ṣe láti ran ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ó rí ni gígé awọ ẹran fún àwọn tí ń fi awọ onírun rán aṣọ òtútù, nítorí pé òtútù Winnipeg kì í ṣe òtútù tí ènìyàn ń fi aṣọ lásán kojú. Ọdún mẹ́rin ni ó lò nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sí ohun kan nínú ìgbésí ayé rẹ̀ títí di ìgbà náà tí akọ̀wé ìwé ìròyìn ì bá tìtorí rẹ̀ mú kálámù.

Nígbà ogun náà ni ó wọ iṣẹ́ ológun. Kò pẹ́ lọ títí tí ó fi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ti òfuurufú. Iṣẹ́ oníbọn ni wọ́n kọ́ ọ. Ó parí ẹ̀kọ́ náà ní ìparí ọdún 1942, wọ́n sì kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1944 ni ó dé ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú 419 ti ilẹ̀ Kánádà, tí ibùdó wọn wà ní Middleton St George, ní ẹkùn Durham ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí a ti ṣe é kò lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Lancaster ni orúkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì mẹ́rin ni ó ní, méjì ní apá kọ̀ọ̀kan. Iwájú ni atukọ̀ wà, pẹ̀lú olùtọ́jú ẹ̀rọ, atọ́nà, ajubọ́ǹbù àti ẹni tí ń bójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì. Oníbọn méjì ni ó kù. Ọ̀kan ń gbé orí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní agbedeméjì, nínú ilé ìbọn roboto kan tí ojú rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Ààyè Mynarski nìyẹn. Èkejì wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, lábẹ́ ìrù, nínú ilé ìbọn mìíràn, níbi tí òtútù ti pọ̀ jù, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ilé ìbọn ẹ̀yìn yìí kì í fi agbára ènìyàn yí. Òróró tí ẹ́ńjìnì apá òsì ń tì gba inú ọ̀pá kọjá ni ó ń yí i. Àyàfi tí ilé ìbọn náà bá dojú kọ ẹ̀yìn gan-an ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tó lè ṣe déédéé ọ̀nà tí ó wọ inú ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì òsì bá kú nígbà tí ilé ìbọn dojú kọ ẹ̀gbẹ́, oníbọn di ẹni tí a tì mọ́lé. Ọwọ́ irin kékeré kan ni ó kù tí ó lè fi máa yí i díẹ̀díẹ̀. Páráṣúùtì sì ń kọ́? Aṣọ ńlá tí ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò gba inú ilé ìbọn. Inú ọkọ̀, lẹ́yìn oníbọn, ni wọ́n ń fi í kọ́ sí.

Láàrin àwọn méje yìí, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Mynarski àti Pat Brophy, oníbọn ẹ̀yìn. Ọ́físà ni Brophy. Mynarski kò tíì dé ipò náà. Nínú ọkọ̀, ìyàtọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wọn bá ti kan ilẹ̀, òfin ológun ti pàṣẹ pé ibi tí ọ́físà ti ń jẹun, tí ó sì ti ń sùn, ẹni tí kì í ṣe ọ́físà kò gbọdọ̀ bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn méjèèjì bá jáde gbafẹ́ lálẹ́ tí wọ́n sì padà dé ibùdó, wọ́n ní láti pínyà. Mynarski a wá dúró ṣánṣán, a gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí ọmọ ogun ti ń kí ọ̀gá rẹ̀, a kí Brophy pé ó dàárọ̀, a sì fi “sà” tì í lẹ́yìn. Àwàdà ni, ó sì jọ pé àwàdà náà ní ẹ̀gún díẹ̀ nínú, nítorí pé ìlànà tí ó ya ènìyàn nípa lórí tábìlì oúnjẹ, tí ó sì kó wọn pọ̀ nínú ewu, kò ṣòro láti fi rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 gan-an ni ìgbéga Mynarski sí ipò ọ́físà wáyé. Kò jẹ ẹ́ pẹ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà ti gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé. Ohun tí gbogbo ọ̀gá ogun ń rò ni bí a óò ti ṣe dènà àwọn ọmọ ogun Jámánì tí ń bọ̀ láti wá kún àwọn tí ó wà ní etíkun lọ́wọ́. Ọ̀nà rélùwéè ni wọ́n ń gbà rìn. Nítorí náà, lóru lóru ni àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ń lọ sí àwọn ìlú tí ọ̀nà rélùwéè ti pàdé. Cambrai, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n rán ẹgbẹ́ 419 sí ní alẹ́ ọjọ́ 12.

Bí wọ́n ti ń dúró de àkókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mynarski rí ewé kékeré kan láàrin koríko. Clover ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ewé mẹ́ta ni ó máa ń wà lórí igi rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá rí èyí tí ó ní mẹ́rin, wọ́n gbà pé oríire ni. Mẹ́rin ni ó wà lórí èyí tí ó rí. Ó já a, ó sì fi fún Brophy. Ìrìn àjò ogun kẹtàlá ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ wọn, ọjọ́ 13 ni ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, nọ́ńbà tí àwọn Òyìnbó kì í fẹ́ rí sójú. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fi irú nǹkan báyìí ṣe òpó ilé. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé oríire tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́, kò fi í sí àpò ara rẹ̀.

Ó ti kọjá ọ̀gànjọ́ nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Junkers 88, yọ sí wọn láti ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ba ẹ́ńjìnì òsì méjèèjì, wọ́n sì kú. Iná sọ ní apá òsì ọkọ̀. Iná mìíràn sọ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, láàrin ilé ìbọn Mynarski àti ilé ìbọn Brophy, níbi tí òróró ti ń ṣàn láti inú ọ̀pá tí ó ti já. Atukọ̀, Art de Breyne, rí i pé ọkọ̀ kò ní í ṣeé gbà là mọ́, ó sì pàṣẹ kí olúkúlùkù fò jáde. Àwọn ará iwájú bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú. Mynarski sọ̀kalẹ̀ láti inú ilé ìbọn tirẹ̀, ó sì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò ku ohun kan ju kí ó fò lọ. Ibẹ̀ ni ó ti bojú wẹ̀yìn, tí ó rí Brophy.

Ilé ìbọn Brophy ti há. Òróró tí ń yí i ti dà sínú iná. Ọwọ́ irin tí ó yẹ kí ó fi yí i ti kán sí i lọ́wọ́. Ó rí Mynarski lẹ́nu ọ̀nà, Mynarski sì rí i nínú gíláàsì, iná sì wà láàrin wọn.

Òwe àwọn àgbà kò fi òtítọ́ pamọ́ nípa irú ipò bẹ́ẹ̀: bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni à ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Òwe náà kò bú ẹnikẹ́ni. Bí a ti dá ènìyàn ni ó ń sọ, kò sì sí ẹni tí ì bá dá Mynarski lẹ́bi bí ó bá ti fò. Kò fò. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì wọ inú iná lọ, ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún rá gba inú òróró tí ń jó, títí aṣọ rẹ̀ fi ń jó láti ìbàdí sísàlẹ̀. Nígbà tí ó dé ìdí ilé ìbọn, ó mú àáké tí a fi ń ja ọkọ̀ nígbà iná, ó sì ń fi í gé irin náà, ó ń gbé e sókè. Kò mira. Ó ju àáké sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán mú ilẹ̀kùn náà. Ọkọ̀ ń já lọ sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Brophy ni ó ké sí i pé kí ó padà, pé kò sí ohun tí ó lè ṣe mọ́. Ó tún ṣẹ́wọ́ sí i kí ó máa lọ.

Mynarski kò yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni ó ń rìn gba inú iná náà bọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó dúró ṣánṣán, pẹ̀lú iná lára, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ẹnu rẹ̀ sì mì. Brophy kò lè gbọ́ ohùn nínú ariwo ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ẹnu náà sọ. Ọ̀rọ̀ àwàdà ẹnu ọ̀nà ibùdó ni. Ìkíni Òyìnbó nígbà tí alẹ́ bá lẹ́ kò ju pé kí alẹ́ dára lọ. Tiwa ni ó ní òwúrọ̀ nínú.

Ó fò jáde. Àwọn ará Faransé tí ó wà nísàlẹ̀ rí i bí ó ti ń bọ̀ láti òkè, aṣọ rẹ̀ àti páráṣúùtì rẹ̀ ń jó. Wọ́n wá a, wọ́n rí i láàyè, ṣùgbọ́n iná ti jó o kọjá ìtọ́jú. Kò pẹ́ tí ó fi kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú abúlé Méharicourt, tí kò jìnnà sí ìlú Amiens.

Ní ti Brophy, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kò bá ìṣirò ẹnikẹ́ni mu. Ó wà nínú ilé ìbọn náà nígbà tí ọkọ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù nínú. Apá òsì gbá igi, ọkọ̀ yí bìrí, ilé ìbọn tí ọwọ́ àti àáké kò lè mì sì já kúrò lára rẹ̀, ó ta jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Díẹ̀ nínú bọ́ǹbù ni ó bú. Brophy sọjí, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, kò sì rí egbò tí ó tó nǹkan. Àwọn ará Faransé tí ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀ fi í pamọ́, ó sì padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nínú àwọn yòókù, atukọ̀, atọ́nà àti oníwáyálẹ́ẹ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ajubọ́ǹbù àti olùtọ́jú ẹ̀rọ bọ́ sí ìgbèkùn, wọ́n sì là á já. Nínú àwọn méje, ẹyọ kan ni ó kú, ẹni tí ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ni.

Ṣé a lè gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́? Ìbéèrè náà tọ́, pàápàá nígbà tí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé. Mynarski kò sọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn ará iwájú ti fò lọ, wọn kò sì rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dúró ti ọ̀rọ̀ Brophy, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ará Faransé tí ó wo òkè lóru ọjọ́ náà rí ọkùnrin kan tí ń jó bọ̀. Ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà tí ó sì fò lójú ẹsẹ̀, iná kì í bá a dé ìbàdí, kì í sì jó páráṣúùtì rẹ̀ báyìí. Ara Mynarski fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ó pẹ́ nínú iná. Ìjọba rò ó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1946, wọ́n kéde àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross fún un, èyí tí kò sí àmì ìgboyà tí ó ga jù ú lọ lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èyí tí wọ́n fi fúnni nítorí ogun náà kò pé 200.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òfo ni ikú náà. Bí Mynarski bá ti fò, ì bá yè. Brophy kì bá sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ẹni tí ó ti ka ìtàn dé òpin ni. Ẹni tí ó wà nínú iná kò ní ìwé ìtàn lọ́wọ́. Ohun tí Mynarski rí ni ọ̀rẹ́ tí yóò kú, àti ilẹ̀kùn kan tí ó lè ṣí tàbí kí ó má ṣí. Ohun tí ó mọ̀ yìí nìkan ni a lè fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó ṣòro jù ú lọ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Ẹni tí ó bá yin àwọn ọmọ ogun ajubọ́ǹbù gbọdọ̀ rántí ìlú Hamburg ní oṣù keje ọdún 1943, níbi tí ó lé ní 30,000 ènìyàn ti jóná tàbí tí èéfín pa wọ́n láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbé ìbọn rí. Rélùwéè ni wọ́n rán ẹgbẹ́ Mynarski lọ bà jẹ́, kì í ṣe ilé ènìyàn, síbẹ̀ bọ́ǹbù tí a jù lóru kì í mọ ojú irin yàtọ̀ sí ilé tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Faransé sì ni bọ́ǹbù àwọn ọ̀rẹ́ wọn pa ní ọdún 1944. Àwọn ará Faransé kan náà, tí wọn kò lè sùn nítorí bọ́ǹbù wọ̀nyí, ni ó jáde lóru láti wá ọkùnrin tí ń jó náà. Èyí kò pa ìbéèrè Hamburg rẹ́. Kò sì yẹ kí a fi í pa á rẹ́.

Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo akíkanjú kọ́ ni ó ní Brophy. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ogun ní ọdún 1939, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Òyìnbó pọ́ńbélé sí ipò ọ́físà. Nígbà tí òfin náà ṣubú, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọlé. Johnny Smythe ti Freetown di atọ́nà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù. Wọ́n já ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ lórí ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1943, ó wà nígbèkùn títí ogun fi parí, ó sì padà wá sọ tirẹ̀. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó gba ipò ọ́físà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kìíní ọdún 1945, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì sùn sí, nínú itẹ́ òkú kan ní ìlú Bath. Díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Orúkọ Mynarski ní tirẹ̀ wà káàkiri. Ilé-ìwé kan ń jẹ́ ẹ ní Winnipeg, àwọn adágún kan sì ń jẹ́ ẹ ní àríwá Manitoba. Ní ìlú Hamilton, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n tún ọkọ̀ Lancaster kan ṣe, wọ́n sì kọ àmì ọkọ̀ rẹ̀ sí i lára, VR-A, ní ìrántí rẹ̀; ní ọdún 1988 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún un. Ọkọ̀ náà ṣì lè fò, ó sì fò kọjá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2014. Ní Middleton St George, níbi tí ó ti gbéra ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, pápá ológun ti di pápá àwọn arìnrìn-àjò. Wọ́n gbé ère idẹ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2005. Aṣọ ìfò ni ó wà lọ́rùn ère náà, ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níwájú orí.